Ewé kì í déédéé pọ́n

Èmi tẹ́lẹ̀ o, mo gbà pé tí ewé bá ti gbó, ó kàn ń bàjẹ́ lọ ni, bí aṣọ ṣe ń gbó. Irọ́ gbáà ni. Ewé tẹ́ ẹ rí tó ń pọ́n yẹn ń ṣiṣẹ́ gan-an ni, ó ń tú ara ẹ̀ palẹ̀, ó ń kó náítírójìn inú ẹ̀ ránṣẹ́ sí èso àti ewé tuntun kó tó já bọ́, àwọn jíìnì, ìyẹn àṣẹ àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì, ló sì ń darí gbogbo ẹ̀.

Ta ló wá sọ fún jíìnì pé àsìkò ti tó? Hydrogen peroxide wà lára wọn, èyí táwọn èèyàn fi ń fọ egbò yẹn! Májèlé ni tó bá pọ̀ jù lóòótọ́, àmọ́ ewéko ti sọ ọ́ di oníṣẹ́. Ẹ wo Arabidopsis, ewéko kékeré táwọn onímọ̀ fi ń dánra wò ṣáá: tó bá ti ń múra àtitanná, catalase tó máa ń pa peroxide rẹ́ á lọ sílẹ̀, peroxide á gòkè, jíìnì WRKY53 á bá jí, òun náà á lọ jí àwọn tó máa tú ewé palẹ̀.

Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé peroxide kan náà tún ń jí jíìnì tó ń ṣe òdìkejì. JUNGBRUNNEN1 lorúkọ ẹ̀, èdè Jámánì ni, ìsun omi tí arúgbó á wẹ̀ táá di ọ̀dọ́ (àwọn onísáyẹ́ǹsì náà mọ̀ ọ́n sọ lórúkọ ṣá). Ìwádìí 2012 fi hàn pé tí jíìnì yìí bá ṣiṣẹ́ rékọjá, ewé á pẹ́ kó tó pọ́n, tó bá dínkù, kíá ló ń gbó.

Imí ọjọ́ (sulfur) ara pròtéènì ló máa ń gbọ́ irú iṣẹ́ tí peroxide ń jẹ́ yìí. Àpẹẹrẹ tó yé mi jù ni NPR1, pròtéènì tó ń gbèjà ewéko lọ́wọ́ àrùn. Ọ̀pọ̀ NPR1 á so kọ́ra, imí ọjọ́ mọ́ imí ọjọ́, wọn ò sì lè wọ nucleus, inú sẹ́ẹ̀lì níbi tí jíìnì wà, àfi tí pròtéènì míì tó ń jẹ́ thioredoxin bá tú wọn, ìgbà yẹn ni wọ́n tó wọlé lọ jí jíìnì.

Ní gbòǹgbò ńkọ́? Superoxide, ìbátan peroxide, ló pọ̀ ní ṣóńṣó níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń pín, peroxide ló pọ̀ lókè díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń nà. Jíìnì UPBEAT1 ló ń wọn méjèèjì síra, tí wọ́n bá mú un kúrò, gbòǹgbò á gùn sí i.