Owó Wa Dà?

Orin mẹ́fà ni mo kọ, mo sì ti búra pé n kò ní fi kọ̀ǹpútà lu ìlù kankan nínú wọn. Àyàn gidi ni mo fẹ́. Mo bá kọjá láti Òṣogbo sí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, níbi tí ọmọ ti ń mọ ìlù ú lù kó tó mọ ìwé é kà, mo sì bá bàbá kan ṣàdéhùn. Òun ni yóò lu ìyáàlù, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì yóò gba kẹríkẹrì àti gúdúgúdú. Mo san ìdajì owó, mo ní ìdajì yòókù ń bọ̀ lọ́jọ́ tá a bá parí. Ọ̀rọ̀ ìdajì yòókù yìí, ẹ bá mi fi síbì kan ná.

Yàrá tá a ti gba orin náà sílẹ̀ kò fẹ̀ ju ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lọ. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. A ò gbọdọ̀ tan fáànù nítorí ariwo rẹ̀, a ò gbọdọ̀ ṣí fèrèsé nítorí ọlọ́kadà. Ọmọkùnrin tó ń gba orin sílẹ̀, Èkó ló dàgbà sí, ó gbé hẹ́ẹ̀dífóònù lé Bàbá létí kó lè máa gbọ́ kílíìkì. Bàbá gbọ́ ọ díẹ̀, ó bọ́ ọ kúrò.

“Ọmọ mi, ta ní ń kan ìṣó nínú ilé yìí?”

A ní ohun tí wọn ó máa tẹ̀ lé nìyẹn.

“Èmi ni kí n tẹ̀ lé e? Ẹ sọ fún un kó máa tẹ̀ lé mi.”

Ọmọ náà kò mọ̀ pé ó yẹ kóun simi. Ó tún ní kí wọ́n tú ṣaworo ẹ̀gbẹ́ ìlù kúrò, pé ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù. Bàbá ò dáhùn. Ó kàn ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ bọ́ yẹtí etí ìyàwó rẹ̀. Ibẹ̀ la wà tí iná fi lọ. Òjò tó rọ̀ lóru sì ti mú awọ ìlù dẹ̀, a tún gbé e jáde lọ sá sóòrùn. Aago mẹ́ta ọ̀sán lù, a ò tíì gba ẹyọ kan.

Kó tó kan orin tí mo fẹ́ràn jù, Bàbá rọra fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bi mí léèrè ìdajì yòókù. Mo ní, “Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, tí Iléyá bá ti kọjá báyìí.” Ó mi orí, ó gbé ìyáàlù kọ́ èjìká.

Ohun tí mo ní kí ìlù máa sọ ni “Ayé wa dùn, ó dùn bí oyin.” Ẹ̀ẹ̀kan péré ló lù ú, ó bọ́ sí i. Kọ̀ǹgọ́ ń fò, ọwọ́ òsì ń fún ọsán, ṣaworo ń dáhùn. Mo rí i tí ọmọ rẹ̀ tó di gúdúgúdú mú ń rẹ́rìn-ín sínú. Mo rò pé orin mi ló dùn mọ́ ọn.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, mo ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo àna mi lórí WhatsApp. Mo wá gbé e lọ fún màámi. Màámi kì í gbọ́ ìlù kí èjìká wọn má mì. Lọ́jọ́ yìí, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n ní kí n tún un fi sí i. Wọ́n tún gbọ́ ọ.

“Èló lo jẹ àwọn onílù yìí?”

“Màámi, ta ló sọ fún yín?”

“Àwọn náà ni. Wọ́n ń sọ ọ́ níbẹ̀ yẹn.”

Mo ní “Ayé wa dùn” ni. Wọ́n ní kí n gbé etí mi síbẹ̀ dáadáa: “Owó wa dà? Ṣé ọ̀gá ti jẹ?”

Ẹ̀yin náà ẹ fi ẹnu pè é wò. Re mí re dò, mí dò mí re re. Kò fi ibì kankan yàtọ̀! Irú rẹ̀ náà ni ìlù tí rédíò ìjọba fi ń ṣí ètò láyé ọjọ́un. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní ó ń sọ, àwọn bàbá wa ní “B’Ólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?” làwọn ń gbọ́. Láti ọjọ́ náà, n kò lè gbọ́ “Ayé wa dùn” nínú orin ara mi mọ́. Bàbá ìyàwó mi ò tilẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ kankan padà, ẹ̀rín ni wọ́n fi ohùn rín ránṣẹ́ sí mi. Bẹ́ẹ̀ sì ni Bàbá onílù ò pè mí lọ́gá rí, àfi nínú ìlù yẹn.

Mo gba Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bàbá wà níwájú ilé, wọ́n ń fi epo ra ọsán ìlù. Mo bi wọ́n léèrè.

“Ayé wa dùn ni mo lù,” ni wọ́n wí, ojú wọn ò tilẹ̀ ṣẹ́. “Àbí kí lẹ gbọ́?”

Kí ni mo fẹ́ wí? Mo ṣe tiransífà sí àkáǹtì ọmọ wọn lójú ẹsẹ̀, mo fi owó obì lé e. Bàbá ṣàdúrà fún mi, wọ́n gbé ìyáàlù kọ́ èjìká, wọ́n ní àwọn ó fìlù sìn mí dé ìdí mọ́tò.

Re mí re dò.

Mo yára yọ fóònù, mo wò ó bóyá owó ọ̀hún ti wọlé lóòótọ́.