Ìkòkò òdòdó láàárín òpó àti igi gúáfà: okùn wo ló ń forí tì í jù?

Àbámẹ́ta. Ìkòkò ti gòkè. Okùn kúkúrú kan gbé e rọ̀ sábẹ́ òrùka irin. Láti ara òrùka yìí, okùn kan lọ sí òpó fàráńdà, èkejì lọ sí igi gúáfà. Òṣùwọ̀n oníkọ̀ọ́, irú èyí tí àwọn ẹlẹ́ran ń lò, ni mo fi wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí mo bomi rin ín tán: kílò 20. Ẹni tó bá wọn yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Àìkú. Mo yàwòrán. Òrùka ni mo yà, n kò ya ìkòkò, torí ara òrùka ni gbogbo okùn ti pàdé. Mo yọ òpó, igi àti ògiri kúrò. Ó ku àmì kékeré kan àti ọfà mẹ́ta. Ọ̀kan dorí kodò, kílò 20. Ọ̀kan gba ọ̀nà òpó, ó fi dígírì 60 gòkè láti orí ìlà tó sùn gbalaja. Ọ̀kan gba ọ̀nà gúáfà, dígírì 30. Òrùka kò sì lọ síbì kankan, nítorí náà ìfà ọ̀tún gbọ́dọ̀ bá ti òsì dọ́gba, ìfà òkè sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 20 géérégé.

Okùn òpó: kílò 17.3. Okùn gúáfà: kílò 10. (Ẹni tó bá fẹ́ Newton, ìyẹn ìwọ̀n ipá, kó sọ ọ́ di ìlọ́po 9.8.) Èyí tó dúró ṣánṣán ló ń ru púpọ̀. Àpapọ̀ wọn tún ju 20 lọ, torí wọ́n ń fa ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kílò 8.7 lọ́tùn-ún, kílò 8.7 lósì.

Ajé. Mo so òṣùwọ̀n sáàárín okùn òpó. Abẹ́rẹ́ dúró lẹ́bàá 17. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Ìyàwó mi kò bá ti ìṣirò lọ. Ó ní ewúrẹ́ àdúgbò á fi òdòdó yẹn jẹun àárọ̀, kí n fa okùn le kí ó lè gòkè. Mo tún un yà. Bí okùn méjèèjì bá wà ní dígírì 10, ọ̀kọ̀ọ̀kan á máa fa kílò 57.6, ní dígírì 5, kílò 114.7. Kí ó wá nà tọ́ọ́rọ́ láìtẹ̀ rárá? Kò sí okùn náà láyé: èyí tó sùn gbalaja kò ní ohun tí yóò fi gbé ẹrù sókè.

Ìkọ́ tí mo so okùn mọ́ lára òpó àti igi ni yóò gòkè, igun á wà bó ṣe wà. Ti òpó rọrùn. Ẹ̀ka gúáfà tó wà lókè ló tínrín. N óò kọ́kọ́ so àpò iyanrìn kílò 20 mọ́ ọn wò.