Káàdì gíráfíìkì tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ wa lè gbé

Dell OptiPlex 9020 ni kọ̀ǹpútà tí èmi àti àbúrò mi fi ń gbá bọ́ọ̀lù orí géèmù nílé wa ní Ìbarà, Abẹ́òkúta. Tókunbọ̀ ni, Intel Core i5-4590 tó jáde ní ọdún 2014 ló sì wà nínú rẹ̀. Ó pẹ́ tó ti jẹ́ pé gíráfíìkì inú Intel yẹn nìkan la gbẹ́kẹ̀ lé, àwọn agbábọ́ọ̀lù a sì máa wọ́ ẹsẹ̀ lórí pápá bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀. Nígbà tí mo tu owó díẹ̀ jọ láti ra káàdì gíráfíìkì, ìyẹn pátákó kékeré tó ń ya àwòrán géèmù sójú mọ́nítọ̀, iye tó wà lọ́wọ́ mi ni gbogbo ẹni tí mo fọ̀rọ̀ lọ̀ kọ́kọ́ ń bèèrè. Ó yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ bi mí bí iná tí kọ̀ǹpútà náà lè fún káàdì ṣe tó.

Kí n tó jáde nílé, mo ṣí irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo gbá eruku kúrò, mo sì tan tọ́ọ̀ṣì sí pawa sọ́pláì, àpótí tó ń pín iná fún gbogbo inú rẹ̀. Wáàtì 290 ni wọ́n kọ sí i lára. Mo fọwọ́ tọ àwọn wáyà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ti motherboard (pátákó ńlá tí gbogbo nǹkan so mọ́), ti hard disk, ti DVD, n kò sì rí wáyà ẹlẹ́nu mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tí wọ́n máa ń kì bọ káàdì gíráfíìkì. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, nítorí pé ihò PCI Express tí káàdì ń jókòó sí kì í fún un ní ju wáàtì 75 lọ. Káàdì RX 570 àti RX 580 tí àwọn èèyàn ń yìn fún mi bọ́ sí ẹ̀yìn lójú ẹsẹ̀, torí wáàtì 150 ni ti àkọ́kọ́ ń fẹ́, èkejì sì ń fẹ́ 185. Ẹnìkan ní kí n pààrọ̀ pawa sọ́pláì, ṣùgbọ́n ẹnu wáyà mẹ́jọ ni motherboard Dell yìí ń lò níbi tí àwọn mìíràn ti ń lo mẹ́rìnlélógún, n kò sì fẹ́ kó wàhálà wáyà àsopọ̀ lé ti káàdì.

Mẹ́ta ló kù tí mo rò dáadáa. RX 6400 ti ọdún 2022 kò jẹ ju wáàtì 53 lọ, èyí sì wù mí gan-an, àmọ́ ọ̀nà mẹ́rin péré ló fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Lórí PCI Express 3.0 tí tiwa ń lò, dípò 4.0 tí wọ́n ṣe é fún, eré ọ̀nà mẹ́rin náà a sì dín sí ìdajì. GTX 1050 Ti ti ọdún 2016 bá ihò wa mu, ṣùgbọ́n ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025 ni NVIDIA tó ṣe é dáwọ́ dráífà géèmù tuntun (sọ́fítíwià tó ń jẹ́ kí káàdì bá géèmù ṣiṣẹ́) dúró fún ìran rẹ̀, àtúnṣe ààbò nìkan ló sì kù fún un títí di ọdún 2028. GTX 1650 ti ọdún 2019 ni mo yàn, èyí tí kò ní ihò wáyà iná lára, torí pé oríṣi kan wà tó ní in.

Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Pánsẹ̀kẹ̀, ọmọkùnrin tó ń tà fi káàdì kan lé mi lọ́wọ́: “Ẹ̀gbọ́n, 1050 Ti gidi lẹ ń wò yìí, owó rẹ̀ kò tó ti èyí tẹ́ ẹ ní lọ́kàn.” Mo yí i padà, mo sì rí ẹnu VGA aláwọ̀ búlúù, ti wáyà mọ́nítọ̀ àtijọ́, lẹ́yìn rẹ̀. Ìran 1050 Ti kò gbé àwòrán jáde ní ọ̀nà VGA mọ́, nítorí náà mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká fi GPU-Z, sọ́fítíwià tó ń sọ irú káàdì tó jẹ́ gan-an, yẹ̀ ẹ́ wò. “FAKE” ló kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Ojú ọmọ náà fà ro, mo sì gbà pé òun náà kò mọ̀. Ọ̀pọ̀ ayédèrú bẹ́ẹ̀ jẹ́ káàdì àtijọ́ bíi GTS 450 ti ọdún 2010, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà nínú BIOS, sọ́fítíwià kékeré inú káàdì náà.

Ṣọ́ọ̀bù kejì ni mo ti rí 1650, mo sì rí i pé géèmù ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ kí n tó sanwó. Nílé, mo yọ wáyà mọ́nítọ̀ kúrò lára motherboard, mo kì í bọ káàdì náà fúnra rẹ̀, a sì gbá bọ́ọ̀lù fún wákàtí kan gbáko nígbà tí mo ń ṣọ́ bó ṣe ń gbóná. Ọjọ́ kẹta ni mo tó dá irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ padà.