Okùn tó wà láàárín káàdì méjì: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí ètò àtúnṣe bàálù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹ̀ka ètò iṣẹ́, alẹ́ ọjọ́ kan ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún yín. Bàálù wà lórí jáákì, gbogbo táyà rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀. Ìdánwò ẹsẹ̀ bàálù ló kàn: kí haidirọ́líìkì, ìyẹn agbára epo tí a tì gba inú páìpù, ká ẹsẹ̀ wọ inú, kó tún nà án jáde, kí a sì rí i pé àwọn ilẹ̀kùn ibẹ̀ ń ṣí, wọ́n sì ń tì bó ṣe yẹ. Lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo káàdì, ìyẹn ìwé tó ń sọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tó yẹ kó ṣáájú ìdánwò náà ti di àwọ̀ ewé, pé wọ́n ti parí. Sọ́fítíwíà ní ó yá. Ẹnjiníà tó fẹ́ tan haidirọ́líìkì mú tọ́ọ̀ṣì, ó yí bàálù ká lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tan iná sínú ihò ẹsẹ̀ òsì, ó sì rí bàtà ènìyàn lórí àkàbà. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó jẹ́ mẹkáníìkì ló wà níbẹ̀, wọ́n ń pààrọ̀ páìpù kékeré kan. Káàdì tiwọn wà nínú ètò ọjọ́ náà. Èmi ni mo ṣe ètò ọ̀hún. Káàdì méjèèjì ló wà níbẹ̀, okùn tó yẹ kó so wọ́n pọ̀, ìyẹn àmì inú sọ́fítíwíà tó ń sọ bí iṣẹ́ kan ṣe kan èkejì, ni kò sí.

Kò sẹ́ni tó fara pa. Ṣùgbọ́n agbára haidirọ́líìkì ọ̀pọ̀ bàálù ńlá tó 3,000 psi (ìwọ̀n bí epo náà ṣe ń tì tó), ilẹ̀kùn tí irú agbára bẹ́ẹ̀ bá sì ń tì kò ní dúró nítorí igbe ẹnikẹ́ni. Oorun ò kùn mí lóru ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí mo jókòó láti wá ibi tí mo ti ṣìnà, mo rí i pé kì í ṣe pé mo gbàgbé. Ohun tí mo rò pé okùn jẹ́ gan-an ni kò tọ́. Mo ti ń rò pé iṣẹ́ wa ni láti sọ èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ páìpù àti ìdánwò ẹsẹ̀ kò sì ní ìṣáájú kankan láàárín ara wọn lọ́jọ́ náà. Èyíkéyìí ló lè kọ́kọ́ wáyé. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kí méjèèjì wáyé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà ló máa fún yín ní oríṣi okùn mẹ́rin: kí ti àkọ́kọ́ parí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n jọ parí, àti ìkẹrin tí ẹ kò ní fi bẹ́ẹ̀ lò. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó lè sọ pé "ẹ má ṣe pàdé." Bí ẹ bá fi tipátipá fa ọfà láti ọ̀kan sí èkejì, ẹ ti pa irọ́ mọ́ ètò náà, ẹni tó bá sì rí i pé irọ́ ni yóò yọ ọ́ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá há.

Láti ìgbà náà, ìbéèrè méjì ni mo máa ń bi káàdì kọ̀ọ̀kan. Ipò wo ni bàálù gbọ́dọ̀ wà kí a tó lè ṣe iṣẹ́ yìí? Ipò wo ni iṣẹ́ yìí yóò fi í sí? Ṣé orí jáákì ni àbí orí táyà? Ṣé iná wà lára rẹ̀? Ṣé haidirọ́líìkì ń ṣiṣẹ́? Ṣé epo wà nínú táńkì? Ta ló wà ní agbègbè wo? Ìwé MPD, ìwé ìgbèrò àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ tó ṣe bàálù ń gbé jáde, yóò sọ ìgbà tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó, agbègbè tó wà, àti pánẹ́ẹ̀lì tí ẹ máa ṣí. Bí káàdì yìí ṣe máa bá igba káàdì tó kù gbé nínú háńgà (ilé tí a ti ń tún bàálù ṣe) kan náà kò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn. Inú ìwé AMM, ìwé ìtọ́sọ́nà àtúnṣe bàálù, ni ẹ óò ti rí ìkìlọ̀ àti ìpalẹ̀mọ́ tó wà fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ sì ka ìkìlọ̀ náà kí ẹ tó ka ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí ibẹ̀ ni okùn tòótọ́ pọ̀ sí jù.

Ẹ wo táńkì epo. A ó fa epo kúrò, a ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, a ó fi mítà wọn oru epo tó ṣẹ́kù, lẹ́yìn náà ni ènìyàn yóò tó wọ inú rẹ̀. Mo ti rí ètò tí wọ́n ti fi wákàtí kan pàtó sáàárín fífẹ́ atẹ́gùn àti wíwọlé, bí ẹni pé aago ló ń pa oru epo. Ohun tí mítà bá sọ ló ń ṣílẹ̀kùn. Nítorí náà, wíwọ̀n gbọ́dọ̀ ní káàdì tirẹ̀ àti ẹni tó máa fọwọ́ sí i, kí okùn wíwọlé sì so mọ́ ọn.

Ti sealant, ohun tí a fi ń dí ojú ìsopọ̀, yàtọ̀. Wákàtí ni yóò fi gbẹ lóòótọ́, òtútù a sì máa fà á sẹ́yìn. Ibi tí ó ti mú mi ni pé mo kọ wákàtí ìdúró náà, sọ́fítíwíà sì fi kàlẹ́ńdà ìpín iṣẹ́ kà á. Wákàtí tí òṣìṣẹ́ wà lẹ́nu iṣẹ́ nìkan ló ń kà, bẹ́ẹ̀ sealant kì í lọ sílé lálẹ́. Iṣẹ́ tí ì bá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ di ọ̀sán gangan kó tó hàn pé ó yá. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò: ìdúró tí ẹ kọ yìí, ṣé aago ògiri ni sọ́fítíwíà fi ń kà á ni, àbí aago òṣìṣẹ́?

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbi ohun tí a bò tàbí tí a ṣí. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 1996, bàálù Boeing 757 ti Aeroperú, ìrìn-àjò 603, gbéra ní Lima ní òru. Wọ́n ti fọ bàálù náà, wọ́n sì ti dán an, téèpù tí wọ́n fi bo àwọn ihò tí atẹ́gùn ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn aago tó ń sọ gíga àti eré bàálù kò sì kúrò níbẹ̀. Irọ́ ni àwọn aago náà ń pa fún àwọn awakọ̀ nínú òkùnkùn lórí òkun. Ènìyàn 70 ló kú. Mo máa ń rántí téèpù yẹn nígbàkúgbà tí mo bá rí ìlà kan tó ní "bo àwọn ihò kí o tó fọ̀ ọ́" láàárín káàdì fífọ bàálù. Bíbò kì í ṣe ìlà nínú káàdì ẹlòmíràn. Ó gbọ́dọ̀ bí káàdì kejì tó ń jẹ́ yíyọ, kí okùn yíyọ sì so mọ́ ìwé àṣẹ tó sọ pé bàálù lè padà sẹ́nu iṣẹ́, kí ìwé náà má lè jáde láìsí i.

Iṣẹ́ tó dúró ní ìdajì náà ń kọ́? Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 1991, apá kan lára ìrù bàálù Continental Express 2574 já lójú òfurufú ní Texas, ènìyàn 14 sì kú. Síkúrúù 47 ni kò sí níbi tó yẹ kó wà. Ṣíìfù kan ti yọ wọ́n, ṣíìfù tó gbà á kò mọ̀. Nítorí èyí, n kì í jẹ́ kí káàdì tó máa kọjá ṣíìfù kan wà ní odindi. Mo máa ń gé e sí yíyọ, síṣe àti dídá padà, kí "ó ti bẹ̀rẹ̀" má baà farahàn lójú ẹlòmíràn bí "kò tíì bẹ̀rẹ̀."

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà, torí pé ìbẹ̀rù ló mú mi ṣe é. Lẹ́yìn alẹ́ bàtà yẹn, mo so gbogbo nǹkan mọ́ gbogbo nǹkan. Ní àtúnyẹ̀wò ńlá tó tẹ̀ lé e, ohun èlò àga kan tó pẹ́ kó tó dé sún ìdánwò ẹ́ńjìnì síwájú, bẹ́ẹ̀ ni àga àti ẹ́ńjìnì kò mọ ara wọn rí. Ní ibì kan, káàdì mẹ́ta ń dúró de ara wọn ní òbìrípo, sọ́fítíwíà sì kọ̀ láti ṣí ìkankan. Àwọn mẹkáníìkì wá ń ṣe iṣẹ́ bó ṣe rọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n ń fọwọ́ sí i nígbà tí kọ̀ǹpútà bá gbà wọ́n láyè. Ètò tí ẹnikẹ́ni kò gbà gbọ́ léwu ju èyí tí kò sí lọ, nítorí pé okùn gidi ti sọnù sáàárín ọgọ́rùn-ún okùn àṣà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, iṣẹ́ háńgà sì rí bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, bí mo bá fẹ́ fa okùn, mo máa ń bèèrè pé: bí a bá yí méjèèjì padà, kí ló máa bàjẹ́, ta ló sì máa fara pa? Bó bá jẹ́ pé "a kì í ṣe é bẹ́ẹ̀" nìkan ni ìdáhùn, mo máa kọ ọ́ bí ìmọ̀ràn, n kò ní so ó.

Àyẹ̀wò nìkan ni mo máa ń fi sí ìbẹ̀rẹ̀ ètò láìsí okùn tó fipá mú mi. Ibi tí a ti ń rí ìpẹtà tàbí sísán ni káàdì tí a kò retí ti ń wá, káàdì bẹ́ẹ̀ sì máa ń béèrè ohun èlò tó lè pẹ́ kó tó dé. Bí ẹ bá fi irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ sí ọjọ́ kẹsàn-án, ìṣirò critical path (ọ̀wọ́ iṣẹ́ tó ń pinnu ọjọ́ tí gbogbo ètò máa parí) tó dára jù lọ kò ní dá ọjọ́ mẹ́jọ tó ti lọ padà fún yín.

Ní ẹ̀gbẹ́ okùn kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ nìyí: "Ihò ẹsẹ̀ òsì àti ọ̀tún: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí haidirọ́líìkì bá wà lẹ́nu iṣẹ́." Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo gbé e lọ sí háńgà fún ẹ̀gbọ́n tó wà lórí àkàbà lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n kà á dáadáa, wọ́n ní, "Àbúrò, ó dáa. Àwọn flap, pátákó tó ń nà jáde lẹ́yìn apá bàálù, ńkọ́? Haidirọ́líìkì kan náà ló ń gbé wọn, àwọn ọmọ tó ń fi gírísì sí wọn sì wà lẹ́yìn apá yẹn ní báyìí." Mo yíjú wo apá òsì. Àwọn méjì ló wà níbẹ̀. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo sì so tiwọn náà.