Ewé tútù fún àgbébọ̀ tó fẹ́ sàba

Iṣẹ́ òfì ni mo ń ṣe, n'Ísẹ́yìn níbí. Ìdí òfì ni mo máa ń wà láti àárọ̀, ibẹ̀ náà sì ni àwọn adìẹ mi ń jẹ̀ ká títí wọ́n á fi wọlé sùn. Ẹni tó bá jókòó sójú kan báyìí lójoojúmọ́, díẹ̀ ni ohun tí adìẹ lè ṣe tí kò ní rí. Àwọn èèyàn máa ń pè mí lórí fóònù, wọ́n á ní báwo ni ẹyin mi ṣe ń pa tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí mi ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa ẹyin. Ìdáhùn mi kì í yí padà: ewé ni.

Àgbàdo funfun ló wọ́pọ̀ nílé ọ̀pọ̀ wa, òun náà la sì ń fọ́n sílẹ̀ fún adìẹ. Ó ń fún adìẹ lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n èròjà tó mú àgbàdo pupa pọ́n, tí ara adìẹ ń sọ di fítámì A, kò sí nínú ti funfun. Àgbébọ̀ tí kò bá rí i jẹ níbòmíràn lè máa yé ẹyin o, àmọ́ pupa inú ẹyin náà á ṣì, ọmọ inú rẹ̀ sì lè kú kó tó jáde. Ewé tútù kún fún èròjà yìí gan-an. Ẹ fọ́ ẹyin adìẹ tó ń jẹ ewé sínú àwo kan, kí ẹ fọ́ ti èyí tó ń jẹ àgbàdo funfun nìkan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ojú yín á sọ fún yín.

Nítorí náà, kì í ṣe ìgbà tí adìẹ bá ti dùbúlẹ̀ lórí ẹyin ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa já ewé. Ohun tí ọmọ máa lò nínú ẹyin, ìyá rẹ̀ ti kó o síbẹ̀ kó tó yé e. Bí ojú àgbébọ̀ mi bá ti ń pọ́n, tó ń wá kọ̀rọ̀ tí yóò yé sí, mo ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: tẹ̀tẹ̀, gbúre, yánrin, ewé ọ̀dùnkún, ewúro díẹ̀. Mi ò kí ń dà á sílẹ̀, wọn á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgbẹ́. Mo máa ń so ó ní ìdì, kí n fi kọ́ ara òpó ibi tí ẹnu wọn á ti tó o, wọn á máa ṣá a jẹ títí yóò fi ku igi rẹ̀. Ewé ẹ̀gẹ́ tútù àti ewé píà, ẹ má fún wọn rárá, májèlé ni. Ẹ má sì tìtorí ewé dá ọkà dúró, torí omi ló pọ̀ jù nínú ewé. Adìẹ á yó láìrí oúnjẹ tó dára jẹ.

Ẹyin tí mo fẹ́ kó sàba lé, mi ò kí ń fọ̀ ọ́, torí ohun kan wà lára èèpo rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí kòkòrò àrùn wọlé. Ibi tútù nínú yàrá ni mo ń kó o sí, ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ nísàlẹ̀, kì í ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Àgbébọ̀ ìbílẹ̀ lè bo ẹyin 10 sí 12 dáadáa. Mo máa ń fi pẹ́ńsù sàmì sí gbogbo wọn, torí àwọn àgbébọ̀ yòókù á wá yé tiwọn kún un. Eérú díẹ̀ ń bẹ lábẹ́ koríko ìtẹ́ nítorí ìná adìẹ.

Tó bá di ọjọ́ 7, lálẹ́, mo máa ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ìdí ẹyin tó tóbi. Èyí tó lọ́mọ, ẹ ó rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó tàn ká inú rẹ̀ bí ìtàkùn, pẹ̀lú ẹ̀kán dúdú kan láàárín. Tí ẹ bá ní sùúrù, ẹ ó rí i tó ń mira. Mo ti rí i tó ìgbà tí mi ò lè kà, síbẹ̀ orí mi ṣì ń wú. Èyí tó bá mọ́ gaara, kò lọ́mọ, mo máa ń yọ ọ́ ni.

Ọjọ́ 21 ni wọ́n ń jáde. Kó tó di pé ẹyin lu, ẹ ó ti máa gbọ́ ohùn ọmọ láti inú rẹ̀, ìyá á sì máa kùn dá a lóhùn. Nígbà kan, àbíkẹ́yìn mi rí ẹyin kan tó ti lu láti àárọ̀ tí ọmọ ò tíì jáde.

“Bàbá mi, ẹ jẹ́ ká bá a bó o.”

“Fi í sílẹ̀, ọkọ mi. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń bẹ nínú awọ yẹn.”

Òótọ́ ni. Láti ìgbà tí ó bá ti lu, ó lè tó ọjọ́ kan kí ọmọ tó bọ́ sílẹ̀, ó ń fa ẹ̀jẹ̀ inú awọ àti ìyókù pupa ẹyin sára ni. Pupa ẹyin yẹn náà ni òròmọdìẹ á fi wà fún ọjọ́ méjì láìjẹun, tí àwọn tó ń ta adìẹ ọlọ́jọ́ kan fi lè kó o sínú páálí gba ọ̀nà jíjìn.

Àwọn òròmọdìẹ, ọkà lílọ̀ àti ikán ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ fún wọn. Tí wọ́n bá ti pé ọ̀sẹ̀ kan, mo máa ń rẹ́ tẹ̀tẹ̀ wẹ́wẹ́, bí èyí tí èèyàn fẹ́ fi sínú ẹyin díndín, kí n bù ú síwájú ìyá wọn. Ìyá á gbé e, á jù ú sílẹ̀, á tún gbé e, á máa pè wọ́n. Yanrìn wà nítòsí kí iwe wọn lè rí nǹkan fi lọ ewé náà.

Ewé ò gba adìẹ lọ́wọ́ àrùn lùkúlùkú (Newcastle) o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ẹ wá dókítà ẹranko lọ gba òògùn àjẹsára kí ọyẹ́ tó dé. Ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe é wà, èyí tí wọ́n ń kán sójú adìẹ ìbílẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ yẹn gan-an ni koríko ń gbẹ, tí ewé á sì wọ́n. Inú àpò sìmẹ́ńtì tí mo bu ilẹ̀ sí ni mo ń gbin tẹ̀tẹ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Tí mo bá bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́, láàárín ọ̀sẹ̀ 4 ó ti tó já. Mo ti ń gbọn irúgbìn ti ọdún yìí. Ẹni tó bá wà nítòsí Ìsẹ́yìn tó fẹ́ níbẹ̀, kó gbé ike kékeré wá, mi ò gba owó.