Òwìwí lórí páànù

Ní òru àná, òwìwí kan bà sórí páànù ilé wa ní Ẹ̀pẹ́, ó sì han gooro débi pé ìyá àgbà dìde lórí ẹní, wọ́n sì nahùn sí i láti ojú fèrèsé pé: “Ibi tí o ti wá ni kí o padà sí, a kò rán ọ níṣẹ́.” Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, òwe lásán kọ́ lójú tiwọn.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ojú rẹ̀ funfun, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, ìrù eku sì ń fì dirodiro lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ọdẹ eku ni ó bá wá, lójú tèmi. Síbẹ̀, ara mi bù máṣọ.

Ṣé ó ti ké nílé tiyín rí? Kí ni àwọn àgbà yín wí sí i?