Rosárì Alẹ́ àti Àwọn Sístà

Nínú ilé wa ní Ẹ̀pẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sùn láìka rosárì, àdúrà onílẹ̀kẹ̀ àwa Kátólíìkì, lórí ìkúnlẹ̀, ‘Mo kí ọ Maria’ ìgbà 53, bí oorun tilẹ̀ ń kùn wá. Ọwọ́ kan ni ìyá mi fi ń ka ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n fi èkejì di pàṣán mú, wọn kì í sì í ṣi àdúrà kà bí wọ́n bá ń fi í ta wá jí. Ní ti ẹran tí a kì í jẹ lọ́jọ́ Ẹtì nígbà Lẹ́ńtì, ààwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, ìyẹn kò ni wá lára. Ta ni yóò máa wá ẹran níbi tí ẹja ọ̀sà pọ̀ tó báyẹn?

Nílé ìwé, àwọn sístà, àwọn obìnrin tó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run nínú ìjọ wa, ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi. Rúlà ni wọ́n fi ń wọn ìsàlẹ̀ aṣọ wa. Nígbà tí ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi àkọ́kọ́ kù ọ̀la, mo ronú títí, n kò rí ẹ̀ṣẹ̀ tó nítumọ̀, ni mo bá sọ fún fadá pé mo jí ẹja nínú ìkòkò ọbẹ̀. Irọ́ ni. N kò tíì jẹ́wọ́ irọ́ náà títí di òní.